Yungay: Ìlú tí Huascarán Bò Mọ́lẹ̀

Ní ìpínlẹ̀ Áncash lórílẹ̀-èdè Peru, òkè méjì tò gbọọrọ, odò Santa sì ń ṣàn láàárín wọn. Cordillera Blanca, tó wà lápá ìlà-oòrùn, funfun báláú nítorí yìnyín tó bò ó. Cordillera Negra, ìkejì rẹ̀, kò ní yìnyín. Ẹsẹ̀ òkè funfun yìí ni ìlú kékeré Yungay wà, ní nǹkan bíi 2,500 mítà sókè òkun. Huascarán, tó ga ju gbogbo òkè Peru lọ, dúró gàgàrà lókè rẹ̀: 6,768 mítà ni ṣóńṣó rẹ̀.

Ìdí tí àwọn èèyàn fi tẹ̀dó síbẹ̀ hàn gbangba. Omi tó ń yọ́ láti ara yìnyín ni wọ́n fi ń bomi rin oko àgbàdo àti ọ̀dùnkún. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ sì wọ́n bí ojú láàárín àwọn òkè wọ̀nyẹn, Yungay sì ní i. Ṣùgbọ́n kí ló tẹ́ ilẹ̀ náà pẹrẹsẹ? Àwọn onímọ̀ nípa àpáta rí i pé ẹrẹ̀ àti òkúta tó ti ya wá láti ara Huascarán láyé àtijọ́ ló wà lábẹ́ ìlú.

Ìtàn mọ Yungay tipẹ́. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Chile àti àwọn ará Peru tó dara pọ̀ mọ́ wọn ti ṣẹ́gun Andrés de Santa Cruz, olórí ìjọba tó so Peru pọ̀ mọ́ Bolivia, lọ́dún 1839, tí ìjọba náà fi tú ká.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kìíní ọdún 1962, yìnyín ńlá kan já láti orí Huascarán, ó sì bo Ranrahirca, ìlú tó wà nítòsí. Nǹkan bíi 4,000 èèyàn kú. Òkè kékeré kan tó dábùú ọ̀nà ni kò jẹ́ kó dé Yungay. Ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn yìí nìyẹn, torí òkè kékeré náà fi àwọn ará ìlú lọ́kàn balẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, David Bernays àti Charles Sawyer, ará Amẹ́ríkà méjì tó máa ń gun òkè, kìlọ̀ pé yìnyín tó ṣẹ́ kù lórí òkè náà lè já lulẹ̀. Àwọn aláṣẹ kò gbà wọ́n gbọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 1970, ni ilẹ̀ mì tìtì. Yìnyín àti àpáta já, wọ́n gbá ẹrẹ̀ àti omi mọ́ra bí wọ́n ṣe ń bọ̀, ìṣẹ́jú mélòó kan péré sì ni wọ́n fi dé ìsàlẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n fo òkè kékeré náà kọjá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kú ní Yungay nìkan. Kárí Peru, nǹkan bíi 70,000 ni ìmìtìtì ilẹ̀ náà pa. Àwọn tó sá gun òkè ibi ìsìnkú yè. Bákan náà ni àwọn ọmọdé bí 300 tó lọ wo eré olókìtì ní pápá ìṣeré. Igi ọ̀pẹ mẹ́rin ló ṣẹ́ kù ní gbàgede ìlú.

Ìjọba fẹ́ kó àwọn tó yè lọ síbòmíràn. Wọ́n kọ̀: àwọn òkú wọn wà níbẹ̀, ọjà àti oko wọn náà wà níbẹ̀. Wọ́n tún ìlú kọ́ díẹ̀ sí àríwá ti àtijọ́. Ìlú tí ẹrẹ̀ bò di ibi ìsìnkú, òfin kò sì gba ẹnikẹ́ni láyè láti gbẹ́ ibẹ̀.