Akin Euba: Bí Ohùn Èdè Wa Ṣe Wọ Inú Dùùrù

 

Ìbéèrè kan wà tí àwọn kan nínú yín máa ń bi mí. Orin tí ènìyàn jókòó kọ sílẹ̀ lórí ìwé, tí wọ́n ń fi píánò àti gòjé òyìnbó ṣe ní Amẹ́ríkà, ṣé irú rẹ̀ lè jẹ́ orin Yorùbá? Mi ò fẹ́ fi ẹnu lásán dáhùn. Iṣẹ́ ẹnì kan ni kí a yẹ̀ wò: Akin Euba.

Èkó ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 1935. Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi dùùrù mọ̀ ọ́n. Ní 1952 ó lọ sí Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó padà dé, ó ṣiṣẹ́ orin ní iléeṣẹ́ rédíò ìjọba àpapọ̀, kó tó lọ sí yunifásítì UCLA ní Amẹ́ríkà, níbi tó ti gba oyè kejì ní 1966. Ibi tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ńkọ́? Legon ni, ní Ghana, ní 1974. Orí kí ló sì ti ṣe ìwádìí? Orí ìlù dùndún. Ọkùnrin tó ti mọ dùùrù dénú padà wá jókòó ti àwọn àyàn. Ó kọ́ni ní Èkó àti Ifẹ̀, ó ṣe ìwádìí ní Bayreuth ní Jámánì, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì Pittsburgh láti 1993 títí di 2011. Ní Pittsburgh náà ló kú sí ní oṣù kẹrin 2020.

Ó dáa, kí ni dùndún ní tí dùùrù kò ní? Ibí ni iṣẹ́ tèmi ti wọ̀ ọ́.

Ẹ wo okun tí a fi ń kí ara wa nílẹ̀ wa yìí. Ohùn àárín ni sílébù méjèèjì. Tí ẹ bá gbé ìkejì sọ̀kalẹ̀, ó di okùn, èyí tí a fi ń so ewúrẹ́. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ wá sí àárín, ó di òkun, omi ńlá. Lẹ́tà kan náà ni, ohùn ló yàtọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ yìí sínú orin tó ń lọ sílẹ̀ ti sọ agbára di okùn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn nígbà tí a bá to ọ̀rọ̀ Yorùbá sábẹ́ ohùn orin ìsìn òyìnbó: ẹnu ń kọ ọ́, etí kò gbọ́ ọ.

Dùndún bọ́ nínú wàhálà yìí. Bí àyàn bá fún ọṣán, ohùn á gòkè. Bó bá dẹ̀ ẹ́, á wálẹ̀. Ó tún lè yọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè nínú ìró kan ṣoṣo. Ẹ fi ẹnu ara yín pe ìwé. Sílébù kejì kì í fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ńṣe ló ń yọ́ gòkè. Dùndún lè ṣe é. Dùùrù kò lè ṣe é, torí ìró tí wọ́n bá ti tò sí ibi tí ìka ń tẹ̀, ibẹ̀ náà ló máa wà.

Ọgbọ́n Euba wá nìyí: kò fi tipátipá mú dùùrù sọ̀rọ̀. Ìṣe ìlù ló gbà fún un. Gbólóhùn orin kúkúrú á máa padà wá léraléra, ìlù kan á gba àárín èkejì kọjá, ìka á sì máa kan dùùrù bí ẹni ń lu awọ. Ó fún ọ̀nà yìí lórúkọ, ó pè é ní African pianism. Ní 1963 ó kọ Igi Ńlá So, fún dùùrù àti ìlù Yorùbá mẹ́rin pọ̀. Ní 1970 ó kọ Scenes from Traditional Life fún dùùrù nìkan. Kò sí ìlù kankan níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣe ìlù wà níbẹ̀.

Nígbà tó bá fẹ́ ọ̀rọ̀, ẹni tó lè sọ ọ́ ló ń pè. Nínú Chaka, eré olórin tí wọ́n ṣe ní Ifẹ̀ ní 1970, ewì Senghor ará Senegal ló mú. Ó kó ohun èlò Áfíríkà àti ti Yúróòpù pọ̀, ó sì fi asunrárà Yorùbá sí àárín wọn kí ó máa ké oríkì.

Òun kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ o. Fẹlá Ṣówándé (1905–1987), tí òun náà parí ayé rẹ̀ sí Amẹ́ríkà, ti kọ African Suite ní 1944. Orin ìbílẹ̀ ló mú, tó sì wọ̀ ọ́ láṣọ ọkẹ́sírà. Euba ní tirẹ̀ lọ wo egungun tó wà lábẹ́ orin náà.

Ìdáhùn mi nìyẹn. Kì í ṣe ohun èlò ló ń sọ orin di Yorùbá, kì í sì í ṣe ìlú tí wọ́n ti kọ ọ́. Ṣé ẹni tó kọ ọ́ gbọ́ bí èdè ṣe ń rìn? Òun ni kí ẹ máa bèèrè.

Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan: àyàn ṣì wà láyé tí Euba rí jókòó tì. Nílẹ̀ Okun ńkọ́? Àwọn ìyá tó mọ orin ìyàwó àti orin òkú wa ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Fóònù wà lápò gbogbo yín. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀, ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì sí i. Ẹni tó máa sọ ọ́ di orin ńlá lè má tíì dáyé, ṣùgbọ́n kò ní rí nǹkan kan lò bí a kò bá fi í sílẹ̀ dè é.