Laptop tòkunbọ̀: Kì í ṣe iye tí wọ́n pè é nìkan, ohun tó wà nínú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò

Kò sí ọjọ́ ọjà téèyàn dé Computer Village tó wà n'Ìkẹjà, nílùú Èkó, tí kò ní í bá èrò rẹpẹtẹ níbẹ̀. Béèyàn bá ṣe ń yọ sí òpópónà Òtígbà báyìí làwọn ọ̀dọ́ tó ń pe oníbàárà yóò ti yí i ká. Ẹnì kan á ní, "Ẹ̀gbọ́n, laptop wà o." Òmíràn á ní, "Mọ́mì, ẹ yà sọ́dọ̀ wa, owó tiwa ò wọ́n." Ẹlòmíràn á ti di ọwọ́ rẹ̀ mú, á ní UK used tó dà bíi tuntun ló wà lọ́wọ́ òun. Kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n sì ti gbé laptop mẹ́ta mẹ́rin síwájú rẹ̀.

Àdúgbò táwọn èèyàn ń gbé ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó tó di pé àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà àtàwọn tó ń tún un ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gba ilé ibẹ̀ láwọn ọdún 1990. Lónìí, ó wà lára ọjà kọ̀ǹpútà tó tóbi jù lọ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Tòkunbọ̀ ló sì pọ̀ jù nínú laptop tí wọ́n ń tà níbẹ̀, nítorí pé láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti fi náírà sílẹ̀ kó máa wá iye tirẹ̀ lọ́jà, laptop tuntun ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ ìdílé.

Tòkunbọ̀ náà kì í ṣe ọjà olówó kékeré. Òbí tó fẹ́ ra kan fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì lè ti dá àjọ ọdún kan gbáko, tàbí kó ti yáwó ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ọ̀dọ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán fáwọn èèyàn tàbí tó ń bá ilé iṣẹ́ òkè òkun ṣiṣẹ́ látinú ilé, orí laptop yẹn loúnjẹ rẹ̀ wà. Bí ẹ̀rọ náà bá kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, owó ti lọ, iṣẹ́ náà sì ti lọ. Ìdí rèé tí kò fi yẹ kéèyàn rò pé ẹni tó já owó wálẹ̀ jù ló rí ọjà tó dáa rà. Ẹni tó mọ ohun tó wà nínú ẹ̀rọ kó tó sanwó ló rí i rà.

Ìdí tí àwọn kan fi pọ̀ lọ́jà

Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá nílùú òyìnbó kì í lo kọ̀ǹpútà títí tó máa fi bàjẹ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, ọ̀pọ̀ wọn á kó o jáde, wọ́n á ra òmíràn. Ohun tó fà á nìyẹn tó fi jẹ́ pé Dell Latitude, HP EliteBook àti Lenovo ThinkPad, tí wọ́n dìídì ṣe fún ilé iṣẹ́, ló pọ̀ káàkiri Òtígbà. Ẹ̀rọ tó le dáadáa ni wọ́n. Ẹni tó bá rí èyí tó ṣì dára nínú wọn rà, kò ní í kábàámọ̀.

Àmọ́ ní ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, ilé iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ tó ń ṣe fún Windows 10 dúró. Èyí kò túmọ̀ sí pé kọ̀ǹpútà tó ń lò ó kò ní í tàn mọ́. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé bí àwọn ọlọ́ṣà orí íntánẹ́ẹ̀tì bá rí ihò tuntun kan gbà wọlé, Microsoft kò ní í bá wọn dí i lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́. Àwọn tó bá forúkọ sílẹ̀ nìkan ni wọ́n fún ní ọdún kan sí i, ìyẹn títí di oṣù kẹwàá ọdún 2026. Ẹni tó ń fi laptop wọ àkáǹtì báǹkì rẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Windows 11 ló rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n Microsoft ní kọ̀ǹpútà tó bá ń lo processor Intel gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìran kẹjọ sókè, ìyẹn àwọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́dún 2017, yàtọ̀ sí díẹ̀ tí wọ́n yọ sọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ laptop ìran kẹfà àti ìkeje tí ilé iṣẹ́ ń kó dànù lókè òkun, ìdí tí wọ́n fi ń kó wọn dànù nìyẹn. Òun náà ló wà lára ohun tó ń mú kí owó wọn rọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Kì í ṣe pé kí ẹnikẹ́ni má rà wọ́n o. Ọmọ tó kàn fẹ́ máa tẹ iṣẹ́ ilé ìwé, tó sì fẹ́ fi ṣe ìgbaradì fún ìdánwò JAMB, lè lò ó kó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ohun tó burú ni kéèyàn san owó ìran kẹjọ lórí ìran kẹfà.

Ẹ má jẹ́ kí àmì Windows 11 tó hàn lójú kọ̀ǹpútà tàn yín jẹ. Ọ̀nà wà tí wọ́n ń gbà fi tipátipá gbé e sórí ẹ̀rọ tí kò kójú òṣùwọ̀n, Microsoft sì ti sọ pé àwọn kò fọwọ́ sọ̀yà pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ á máa rí àtúnṣe gbà. Ilé iṣẹ́ náà ní ètò ọ̀fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní PC Health Check. Ẹni tó bá gbé e sórí laptop náà, tó sì tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, yóò rí i bóyá ẹ̀rọ náà yẹ fún Windows 11 lóòótọ́.

Ẹ ka nọ́ńbà ọpọlọ rẹ̀

Ọ̀rọ̀ táwọn ọlọ́jà fẹ́ràn láti máa sọ ni pé "Core i7 ni o." Ọ̀pọ̀ oníbàárà ló gbà pé bó bá ti jẹ́ i7, ó ti parí, á ju i5 lọ. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ló ṣe pàtàkì. Processor ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà yẹn ló sì ń sọ ìran rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ i5-8250U, ìran kẹjọ ni, nítorí pé 8 ló ṣáájú. Bí wọ́n bá kọ i7-3520M, ìran kẹta ni, ọdún 2012 ló sì ti jáde. I5 tá a kọ́kọ́ dárúkọ yìí lágbára ju i7 yẹn lọ dáadáa.

Bó bá ti dé ìran kẹwàá sókè, nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ lèèyàn máa kà. I5-10210U jẹ́ ìran kẹwàá, i5-1135G7 jẹ́ ìran kọkànlá, i5-1235U sì jẹ́ ìran kejìlá. Ẹni tó bá lọ sí Settings, tó tẹ System, tó sì tẹ About, yóò rí nọ́ńbà yìí àti iye RAM tó wà níbẹ̀. RAM 8GB ló yẹ kéèyàn bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ lóde òní. Bó bá jẹ́ 4GB, kó béèrè bóyá àyè wà láti fi kún un, torí àwọn kan wà tí wọ́n ti jó RAM wọn mọ́ bọ́ọ̀dù pátápátá.

Ibi ìkẹ́rùsí náà ń kọ́? Hard disk 500GB lè dà bíi pé ó ju SSD 256GB lọ létí, ṣùgbọ́n SSD yá ju hard disk lọ fíìfíì. Laptop tó ń lo hard disk lè máa ṣe wọ́ọ́rọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú méjì mẹ́ta kó tó tàn tán.

Ìdánwò ọgbọ̀n ìṣẹ́jú

Ìwádìí kan tí yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lọ́wọ́ sí, tó jáde lọ́dún 2018, fi hàn pé nǹkan bíi 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ alálòkù, látorí fíríìjì títí dórí kọ̀ǹpútà, ló wọ Nàìjíríà láti etíkun Èkó lọ́dọọdún ní 2015 àti 2016, àti pé apá kan nínú wọn ti kú kó tó gúnlẹ̀. Nítorí náà, pé nǹkan ti ìlú òyìnbó wá kì í ṣe ẹ̀rí pé ó dára. Dídán an wò ni ẹ̀rí.

Bátìrì ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, pàápàá nílùú tí iná ọba ti ń ṣe ségesège. Kí oníbàárà wá Command Prompt lórí ẹ̀rọ náà, kó tẹ powercfg /batteryreport, kó sì ṣí ìwé tí ẹ̀rọ bá gbé jáde. Níbẹ̀, yóò rí iye tí bátìrì náà ń gbà nígbà tó wà ní tuntun, ìyẹn Design Capacity, àti iye tó ń gbà báyìí, ìyẹn Full Charge Capacity. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ 50,000, tí ìkejì jẹ́ 20,000, a jẹ́ pé bátìrì náà kò lè dé ìdajì ohun tó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Kó yọ ṣájà rẹ̀ pẹ̀lú, kó sì jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ títí tó fi máa yẹ ìyókù wò.

Lẹ́yìn náà, kó ṣí Notepad, kó tẹ gbogbo lẹ́tà àti nọ́ńbà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kó ṣí ojú ìwé tó funfun báláú, bóyá àbàwọ́n tàbí ìlà wà lójú ẹ̀rọ náà. Kó ṣí i, kó pa á dé, bóyá ìdè rẹ̀ ti yẹ̀. Kó ki flash bọ gbogbo ojú ihò USB, kó fi foonu rẹ̀ ṣe hotspot láti dán Wi-Fi wò, kó wo kámẹ́rà, kó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ọlọ́jà tí kò bá fẹ́ fún oníbàárà ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láti ṣe èyí, ìdí wà níbẹ̀. Kí oníbàárà dìde, ṣọ́ọ̀bù mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Laptop tó ṣì ní olówó

Àwọn laptop kan wà tí ilé iṣẹ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́ tó ni wọ́n tẹ́lẹ̀ kò tíì yọ orúkọ wọn kúrò nínú ìwé. Irú rẹ̀ lè máa ṣiṣẹ́ dáadáa ní ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá pa gbogbo nǹkan inú rẹ̀ rẹ́ láti bẹ̀rẹ̀ ọ̀tun, á ní kí wọ́n fi password ilé iṣẹ́ yẹn wọlé. MacBook tí wọ́n ti fi iCloud ẹlòmíràn tì pa kò wúlò fún ẹni tó rà á. Chromebook tó jẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Láti mọ̀, kí wọ́n pa laptop náà, kí wọ́n tún un tàn, kí wọ́n sì tẹ bọ́tìnnì tó ń ṣí BIOS. F2 ni ti Dell, F10 ni ti HP, F1 ni ti ThinkPad. Bó bá béèrè password tí ọlọ́jà kò mọ̀, kí wọ́n fi sílẹ̀. Ti Dell tún ní Service Tag, lẹ́tà àti nọ́ńbà méje tó máa ń wà lábẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì Dell, yóò fi hàn bí ẹ̀rọ náà ṣe rí nígbà tó jáde nílé iṣẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti rí i bóyá ohun tí ọlọ́jà ń sọ bá tibẹ̀ mu.

Owó sísan àti rìsíìtì

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ìnájà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti béèrè iye ẹ̀rọ kan náà ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ló ní ẹnu láti fi ná an. Bí bátìrì kò bá dáa tó, kó fi yọ owó bátìrì tuntun. Ká ní wọ́n pè é ní ₦300,000, tí bátìrì àti ṣájà tó dáa sì máa gba ₦50,000, a jẹ́ pé ₦350,000 gan-an ni wọ́n pè é. Bí ọlọ́jà kò bá lè já owó wálẹ̀ mọ́, kó fi RAM tàbí ṣájà tó dáa ṣe ènì.

Bí wọ́n bá ti fẹnu kò, kí oníbàárà má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rọ tó ti yẹ̀ wò kúrò lójú rẹ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Àwọn gbájú-ẹ̀ wà tí wọ́n ń ní àwọn fẹ́ lọ bá a wá báàgì tó dáa, tó sì jẹ́ pé òmíràn ni wọ́n máa gbé padà. Ẹni tó bá ń tajà lójú títì, tí kò ní ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n má rà á lọ́wọ́ rẹ̀ rárá. Kí wọ́n sì san owó sínú àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ṣọ́ọ̀bù náà.

Kí rìsíìtì ní orúkọ àti àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù, ọjọ́ tí wọ́n rà á, nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ náà, àti iye ọjọ́ tí wárántì rẹ̀ máa fi wà. Ìwé yẹn ní iṣẹ́ méjì. Àkọ́kọ́ ni pé òfin tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, èyí tí wọ́n ń pè ní ti ọdún 2018, fún ẹni tó ra ọjà ní ẹ̀tọ́ láti gba ìwé ohun tó rà, ó sì ní dandan ni kí ọlọ́jà sọ pé alálòkù ni nǹkan bó bá jẹ́ alálòkù. Àjọ FCCPC ni wọ́n lè mú ẹjọ́ lọ bá bí ọlọ́jà bá kọ̀ jálẹ̀. Ìkejì ni pé rìsíìtì ń gba ọ̀dọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Wàhálà táwọn ọlọ́pàá ń fún àwọn ọ̀dọ́ tó gbé laptop dání wà lára ohun tó bí wọn nínú tí wọ́n fi jáde nígbà ìwọ́de EndSARS oṣù kẹwàá ọdún 2020. Ẹni tó ní ìwé lọ́wọ́ ní nǹkan tó lè fi gbèjà ara rẹ̀.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ san owó ọbẹ̀ ní láti ṣí ìkòkò wò ná, kó rí i pé ẹran wà níbẹ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré ni yíyẹ laptop wò ń gbà. Bó bá sì jẹ́ pé ojú oníbàárà ò mọ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, kó bẹ ẹni tó mọ̀ ọ́n kó tẹ̀ lé e lọ. Owó ọkọ̀ tó máa san fún un kò tó ohun tó máa pàdánù bó bá dá lọ.