Ọkọ̀ tó ń kú bí wọ́n bá tan A/C: ẹ má tí ì ra kọ̀m̀púrẹ́sọ̀ tuntun

Bí oòrùn bá ti ràn díẹ̀ ní ìlú òyìnbó yìí, ẹjọ́ kan wà tí àwa tí à ń tún ọkọ̀ ṣe ní apá River Road máa ń gbọ́: "Ọ́ńkù, bí mo bá ti tan A/C báyìí, ọkọ̀ á kàn kú ni." Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í kọ́kọ́ sọ ni pé ọkọ̀ náà kò rí bí ilé-iṣẹ́ ṣe ṣe é mọ́. Wọ́n ti pa inú rẹ̀ dà.

Èmi ò bá àwọn ọmọ wa jà lórí ìyẹn. Ìlú ọkọ̀ ni Dagenham. Oṣù October 1931 ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ jáde nílé-iṣẹ́ Ford tó wà níbẹ̀, February 2002 ni wọ́n sì ṣe ìkẹyìn, Fiesta ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ́ńjìnnì dísù ni wọ́n gbájú mọ́. Ọmọ tó bá dàgbà sírú ìlú bẹ́ẹ̀, tí kò fẹ́ràn àtimáa tú ẹ́ńjìnnì, kí ló fẹ́ fẹ́ràn?

Fiesta ti ayé ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí dá lé. Ọmọ wa kan tó ń gbé Becontree ló ni ín. Ẹ́ńjìnnì 1.25 ni wọ́n bí i mọ́, ọmọ yìí yọ ọ́ kúrò, ó ní kí wọ́n bá òun gbé 1.7 ti Ford Puma sí i. Ọkọ̀ ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Mọ́mì rẹ̀ ló wá bá mi. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ọkọ̀ ọmọ yìí fẹ́ pa mí o." Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni obìnrin náà ń ṣe, ó sì máa ń yá ọkọ̀ ọmọ rẹ̀ láago márùn-ún ìdájí. Lọ́jọ́ kan òjò ń rọ̀, gíláàsì iwájú ti fún, ó tan A/C kó lè rí ọ̀nà. Ibi ráńdábáòtù Lodge Avenue, lábẹ́ A13, ni ẹ́ńjìnnì ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Sítíárì le gbagidi. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, bíréèkì náà kì í pẹ́ le, torí afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà ló ń ràn án lọ́wọ́. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tán, agbára ẹsẹ̀ yín nìkan ló kù. Lọ́rí wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Ẹni tó sọ pé, "Ẹ má tan A/C mọ́, ṣebí London tutù," kò mọ ohun tó ń sọ. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bọ́tìnnì tó ń nu ìkùukùu ojú gíláàsì náà ló ń tan A/C, torí A/C ló ń gbẹ omi inú afẹ́fẹ́. July 19, 2022 ńkọ́, tí ooru kọjá 40 ní London, tí ilé jóná ní Wennington níbí? Ṣé ẹ máa ti fèrèsé pa jókòó sínú ọkọ̀ láìsí A/C lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀?

Wọ́n ti sọ fún ọmọ náà níbì kan pé kọ̀m̀púrẹ́sọ̀ ló ti kú, kó mú 480 pọ́ùn wá. Mo ní kó fi owó rẹ̀ sápò ná.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bẹ́líìtì ni ẹ́ńjìnnì fi ń yí kọ̀m̀púrẹ́sọ̀ A/C. Bí ọkọ̀ bá wà ní sílò, agbára tó máa gbé ara rẹ̀ nìkan ló ń pèsè. Ẹ wo alábárù lọ́jà: bí ẹ bá gbé ẹrù lé e lórí láì sọ fún un, á ṣubú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ́kọ́ pè é, á fẹsẹ̀ múlẹ̀, á na ọrùn. Bí ilé-iṣẹ́ ṣe ṣètò ọkọ̀ nìyẹn. Ẹ tẹ bọ́tìnnì A/C, ọ̀rọ̀ á kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ brain box. Òun á fún ẹ́ńjìnnì ní afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí i, á fi epo kún un, lẹ́yìn náà ló máa tó jẹ́ kí kọ̀m̀púrẹ́sọ̀ dì mú. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú ààyá lọ.

Mo pa ọkọ̀, mo fi ọwọ́ yí ojú kọ̀m̀púrẹ́sọ̀. Ó yí geere, kò ké. Kò kú rárá. Mo tú fáàfù tó ń fún ẹ́ńjìnnì ní afẹ́fẹ́ ní sílò, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo fọ̀ ọ́, sílò dára sí i, ṣùgbọ́n bí a ti tan A/C ó tún kú. Mo fẹ́ èéfín sínú ọ̀nà afẹ́fẹ́ wò bóyá ó ń jò níbì kan. Kò jò. Ìgbà tí mo gbé mítà iná lé wáyà ni àṣírí tú. Iná ń ti bọ́tìnnì lọ sí kọ̀m̀púrẹ́sọ̀ tààrà. Brain box kò gbọ́ nǹkan kan! Ẹni tó gbé ẹ́ńjìnnì náà sí i kò rí ibi tí wáyà A/C ń lọ, ló bá gba ẹ̀bùrú. Ó tún fo swíìṣì tó ń ṣọ́ agbára gáàsì, èyí tó yẹ kó pa A/C bí gáàsì bá le jù tàbí bó bá ti tán.

Fáànù iwájú náà kì í yí bí A/C bá ń ṣiṣẹ́. Lójú ọ̀nà A13 tí ọkọ̀ ń sáré, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ẹ dúró níbi iná Heathway, gáàsì á gbóná, ẹrù á wúwo lọ́rùn ẹ́ńjìnnì. Ọmọ náà tún ti lọ fi flywheel fẹ́ẹ́rẹ́ sí i kó lè tètè fò, bẹ́ẹ̀ ìwúwo flywheel ló ń gbé ẹ́ńjìnnì kọjá irú ìjayà bẹ́ẹ̀. Mo ní kó dá ti àtijọ́ padà, ó ní, "Ọ́ńkù, ẹ jọ̀ọ́." Mo fi í sílẹ̀.

A dá wáyà padà: bọ́tìnnì sí swíìṣì gáàsì, swíìṣì sí brain box, kí brain box fúnra rẹ̀ máa pàṣẹ fún kọ̀m̀púrẹ́sọ̀ àti fáànù. Mo pe ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí kó wá yẹ gáàsì wò, torí òfin ibí kò gbà kí ẹni tí kò níwèé máa tú u. Nígbà tí a tan A/C, sílò wá sílẹ̀ díẹ̀, ó tún padà sókè. Owó gbogbo rẹ̀ kò tó ìdajì 480.

Nílé, ohun tí àwọn míì máa ń ṣe ni pé wọ́n á fi skrudíráfà gbé sílò sókè. Ẹni tó ti ra ẹ́ńjìnnì Bẹ́líjíọ̀mù ní Ládípọ̀ á mọ ohun tí mò ń wí. Ọkọ̀ á máa mu epo bí ọ̀mùtí, gíà ọ̀tọmátíìkì á máa ta yín síwájú, bó bá sì di inú gosiló, ó ṣì lè kú.

Ọmọ yìí ní ọkọ̀ òun ti yege MOT. MOT kì í yẹ A/C wò. Mo bi í bóyá ó ti sọ fún inṣọ́ránsì pé òun pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, bóyá ó ti kọ ọ́ sí DVLA kí wọ́n tún ìwé ọkọ̀ ṣe. Ó ń wolẹ̀. Bí lọ́rí ọjọ́sí bá gbá mọ́mì rẹ̀, inṣọ́ránsì lè ní àwọn ò san kọ́bọ̀ lórí ọkọ̀ náà, torí ọkọ̀ tí wọ́n kọ sínú ìwé yàtọ̀ sí èyí tó wà lójú títì. Mọ́mì rẹ̀ ni mo fún ní kọ́kọ́rọ́, mo ní kó má fún un títí lẹ́tà inṣọ́ránsì á fi dé.