Ọ̀dà Agbéná Gíráfíìnì àti Iṣẹ́ Asẹ́ ní Ìbàdàn

Ìfáàrà
Àwọn tó ń fi asẹ́ tẹ àwòrán sára aṣọ kò ṣọ̀wọ́n ní Ìbàdàn, láti Agbowó títí dé Dùgbẹ̀. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé irú asẹ́ bẹ́ẹ̀ náà ni a fi ń tẹ ipa ọ̀nà iná mànàmáná sára ike fẹ́lẹ́, bí a bá fi ọ̀dà tó lè gbé iná rọ́pò ọ̀dà aláwọ̀. Ọ̀dà agbéná ni a ó máa pè é. Èyí tí a fi gíráfíìnì ṣe ló jẹ wá lógún.

Kí ni gíráfíìnì?
Gíráfáìtì, ohun dúdú inú pẹ́ńsùlù, jẹ́ ìpele kábọ́ọ̀nù tó tò léra wọn. Ìpele kan ṣoṣo nínú wọn ni gíráfíìnì. Ní ọdún 2004, Andre Geim àti Konstantin Novoselov ní Yunifásítì Manchester fi téèpù alẹ̀mọ́ ṣí i kúrò lára gíráfáìtì. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì ní ọdún 2010. Nínú ọ̀dà, ìpẹ́ tó ní ìpele mélòó kan ni wọ́n sábà ń lò.

Bí iná ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá
Ohun mẹ́ta ló wà nínú ọ̀dà náà: ìpẹ́ gíráfíìnì, àtè tó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ike, àti omi ìpò tí yóò gbẹ dànù. Àtè kì í gbé iná. Ìpẹ́ ló ń gbé e. Bí àgbàrá bá gba títì, àwọn ènìyàn a máa to òkúta láti fi sọdá. Bí òkúta bá jìnnà síra, ẹnikẹ́ni kò ní lè sọdá. Bí èyí tó kù bá bọ́ sáàyè rẹ̀, ọ̀nà là lẹ́ẹ̀kan náà. Bákan náà, bí ìpẹ́ kò bá tó, iná kò ní kọjá. Bí ó bá tó ìwọ̀n kan, iná a kọjá lójijì. Nítorí pé ìpẹ́ fẹjú, díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń kan ara wọn ju hóró róbótó lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù, àtè kò ní lè dì í mú.

Kíki ọ̀dà náà ṣe pàtàkì. Àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ tó ń fi ìyẹ́ ya ‘Ìbàdàn dùn’ mọ̀ pé ẹ̀kọ tó ki jù kò ṣeé yà, èyí tó ṣàn jù a sì ràn kọjá ààlà.

Ìwúlò rẹ̀
Fàdákà ń gbé iná ju ọ̀dà kábọ́ọ̀nù lọ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó wọ́n. Ibi tí iná díẹ̀ ti tó ni ọ̀dà kábọ́ọ̀nù ti wúlò. Àpẹẹrẹ ni sítíríìpù tí àwọn alátọ̀gbẹ fi ń yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò. Lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, iná tó ti ara ṣúgà àti ẹ́ńsáìmù jáde ń gba ipa kábọ́ọ̀nù tí a fi asẹ́ tẹ̀ lọ sínú ẹ̀rọ, tí yóò sọ ọ́ di nọ́ḿbà. Ẹ̀ẹ̀kan ni a ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Aláìsàn ní láti máa ra òmíràn.

Ìgúnlẹ̀
Ọwọ́ tó mọ asẹ́ lò ti wà ní Ìbàdàn. Ohun tó kù ni wíwọn nǹkan. Ilé-ẹ̀kọ́ lè fi lẹ́búlẹ́bú gíráfáìtì bẹ̀rẹ̀: kí a po ó ní ìwọ̀n oríṣiríṣi, kí a tẹ ìlà, kí a gbẹ ẹ́, kí a sì fi mítà àwọn atún-rédíò-ṣe yẹ̀ ẹ́ wò. Sítíríìpù kọjá èyí, nítorí nọ́ḿbà tí kò péye lè ṣekú pa aláìsàn. Ṣùgbọ́n ìlà tí a lè wọ̀n ni ìpìlẹ̀ rẹ̀.