Ìkòkò Yìnyín tí ó ń Wọn Ooru

Òtítọ́ kan wà nípa yìnyín tí ojú kì í tètè rí: bí iná jẹ́jẹ́ bá ń jó lábẹ́ àwo tí a da yìnyín rírún sí, tí a sì ń rò ó bí ó ti ń yọ́, tẹmómítà tí a kì bọ inú rẹ̀ kò ní kúrò lójú òdo, bí ó ti wù kí iná náà pẹ́ tó, àfi ìgbà tí ègé tí ó kẹ́yìn bá di omi tán. Joseph Black, olùkọ́ ní Yunifásítì Glasgow ní ilẹ̀ Sìkọ́tíláǹdì, ni ó fi òye gbé e ní nǹkan bí ọdún 1761 pé ooru náà kò ṣòfò, kò sì sá lọ síbì kan. Iṣẹ́ yíyọ́ ni ó gbé e mì.

Orí òtítọ́ yìí ni àwọn ọmọ ilẹ̀ Faransé méjì, Antoine Lavoisier, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì, àti Pierre-Simon Laplace, tí ìṣirò jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, gbé ẹ̀rọ kan kà ní ìlú Párísì nígbà òtútù ọdún 1782 sí 1783. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà: wọ́n jọ rò ó pé, níwọ̀n bí ooru kò ti lè mú yìnyín tí ó wà lójú òdo gbóná àfi bí ó bá kọ́kọ́ yọ́ ọ tán, ẹni tí ó bá gbé omi tí ó yọ́ náà sórí òṣùwọ̀n ti wọn ooru fúnra rẹ̀.

Ìkòkò páànù tí ó ní ìyẹ̀wù mẹ́ta, ọ̀kan nínú èkejì, ni wọ́n kàn. Inú lọ́hùn-ún ni agbọ̀n tí a fi wáyà hun wà, níbi tí a ń gbé ohun gbígbóná sí. Yìnyín ni ó kún ìyẹ̀wù àárín, omi rẹ̀ sì ń gba ojú ọ̀pá kan nísàlẹ̀ ṣàn sínú àwo tí a óò gbé wọ̀n. Yìnyín náà ni ó kún ìyẹ̀wù òde, níbẹ̀ gan-an sì ni mo rò pé ọgbọ́n iṣẹ́ náà fara pamọ́ sí. Nítorí afẹ́fẹ́ inú yàrá ní ooru tirẹ̀, bí kò bá sì sí yìnyín òde yìí, tí ó dúró bí oníbodè tí kì í jẹ́ kí àjèjì wọ ìlú, ooru yàrá ìbá dà pọ̀ mọ́ ti inú agbọ̀n. Omi ti òde ń gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, ẹnìkan kì í wọ̀n ọ́n.

Ìṣirò rẹ̀ kò ṣòro. Kílò yìnyín kan ń gba 334 kílójúùlù kí ó tó yọ́ lójú òdo. Kílò omi kan ń gba 4.18 kí ìgbóná rẹ̀ tó fi dígírì kan gòkè. Ẹ jẹ́ kí á gbé kílò irin kan, ohun ọwọ́ Ògún Lákáayé, tí ó ti gbóná dé 100 dígírì, sínú agbọ̀n: 0.45 kílójúùlù ni irin ń fi sílẹ̀ lórí dígírì kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 45. Bí a bá fi 334 pín in, omi tí yóò ṣàn jáde kò ju gíráàmù 135 lọ. Ṣùgbọ́n kílò omi kan, a-bù-wẹ̀-a-bù-mu, tí ìgbóná rẹ̀ jẹ́ 100 bákan náà, yóò fi 418 sílẹ̀, yóò sì yọ́ kílò yìnyín kan àti ìdámẹ́rin, lẹ́yìn tí a bá ti yọ ìpín ìgò tí a rọ ọ́ sí kúrò. Ìka kò dọ́gba. Yìnyín fúnra rẹ̀ ní láti wà lójú òdo gẹ́lẹ́, nítorí èyí tí òtútù rẹ̀ fi dígírì 10 lọ sílẹ̀ ju òdo yóò kọ́kọ́ gbé 21 kílójúùlù mì lórí kílò kan kí ẹ̀kán omi kan tó jáde.

Àwọn méjèèjì tilẹ̀ gbé ẹranko kékeré kan tí ó jọ ẹmọ́ sínú agbọ̀n náà. Ní wákàtí 10, ooru ara rẹ̀ yọ́ nǹkan bí àáńsì 13 yìnyín, wọ́n sì fi èyí wé ooru èédú tí ń jó, wọ́n ní mímí jẹ́ jíjó tí kò yára.

Àbùkù ẹ̀rọ náà ni pé omi díẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ ara yìnyín, kì í ṣàn tán. Ní ọdún 1870, Robert Bunsen ti ilẹ̀ Jámánì pa omi wíwọ̀n tì: ó mọ̀ pé yìnyín ń súnkì bí ó bá yọ́, ó sì sé e mọ́ inú gíláàsì pẹ̀lú mẹ́kúrì, tí ó fi jẹ́ pé bí mẹ́kúrì bá ti rìn tó nínú ọ̀pá tín-ín-rín ni a fi ń mọ iye yìnyín tí ó yọ́.