Asẹ́ Inú Omi

Ǹjẹ́ o ti wo bí wọ́n ṣe ń sẹ́ ògì rí? Wọn á ta asẹ́ sí ẹnu ìkòkò, wọn á da àgbàdo tí wọ́n ti lọ̀ sí i, wọn á sì máa bu omi lé e. Omi ògì á gba inú asẹ́ kọjá lọ sí ìsàlẹ̀, eèrí á sì kù sí òkè.

Àwọn ẹ̀dá kan wà nínú omi tí ara wọn gan-an jẹ́ asẹ́. Méjì nínú wọn ni ọ́yísítà àti mọ́sùlù. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, ìwọ yóò kọ́ bí wọ́n ṣe ń sẹ́ omi, àǹfààní tí ó wà nínú rẹ̀, àti ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí ènìyàn bá kó wọn tán.

Bí wọ́n ṣe rí

Ọ́yísítà àti mọ́sùlù kò ní egungun, wọn kò sì ní orí. Ara wọn rọ̀ bíi ti ìgbín. Ṣùgbọ́n ìkarahun kan ṣoṣo ni ìgbín ní, méjì ni tiwọn. Ìkarahun méjèèjì so pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, bí ìwé tí a lè ṣí kí a sì tún pa dé. Ìkarahun ọ́yísítà máa ń rí gbágungbàgun bí òkúta. Ti mọ́sùlù máa ń gùn díẹ̀, ó máa ń dán, ó sì sábà máa ń dúdú.

Wọn kì í rìn káàkiri bí ẹja. Nígbà tí ọ́yísítà bá wà ní ọmọ tín-ín-tín, ó máa ń lúwẹ̀ẹ́ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá ibi líle kan, yóò sì lẹ̀ mọ́ ọn títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Ó lè jẹ́ òkúta, ó sì lè jẹ́ ìkarahun ọ́yísítà mìíràn. Ní ọ̀sà Èkó àti ní ọ̀pọ̀ etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, gbòǹgbò àwọn igi tí ń hù nínú omi oníyọ̀ ni wọ́n sábà máa ń lẹ̀ mọ́. Ní ti mọ́sùlù, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan máa ń ti ara rẹ̀ jáde. Òun ni ó fi ń so ara rẹ̀ mọ́ òkúta kí ìgbì má baà gbé e lọ.

Lójoojúmọ́ ni omi òkun máa ń kún wá sí etí ilẹ̀, tí ó sì tún máa ń fà padà. Bí omi bá fà, àwọn ọ́yísítà àti mọ́sùlù tí ó wà ní etí ilẹ̀ á wà ní gbangba nínú oòrùn. Wọn á pa ìkarahun wọn dé pinpin, wọn á sì fi omi díẹ̀ pamọ́ sínú rẹ̀ kí ara wọn má baà gbẹ. Bí omi bá tún kún dé, wọn á ṣí ìkarahun díẹ̀, iṣẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń sẹ́ omi

O mọ ohun pupa tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹja, èyí tí ẹja fi ń mí nínú omi. Ọ́yísítà àti mọ́sùlù náà ní irú rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjì ni tiwọn ń ṣe. Òun ni wọ́n fi ń mí, òun náà ni wọ́n sì fi ń wá oúnjẹ. Irun tín-ín-tín, tí ojú lásán kò lè rí, ni ó bò ó. Àwọn irun yìí kì í sinmi. Bí wọ́n ti ń mì ni wọ́n ń fa omi wọlé.

Omi tí ó wọlé kò dá wá. Ewéko kéékèèké tí a kò lè fi ojú rí wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni erùpẹ̀ lẹ́búlẹ́bú àti ìdọ̀tí mìíràn. Gbogbo wọn á lẹ̀ mọ́ omi ara kan tí ó ń fà bí ewédú. Nígbà náà ni ẹ̀dá yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà wọ́n. Èyí tí ó jẹ́ oúnjẹ á lọ sí ẹnu. Èyí tí kì í ṣe oúnjẹ, á fi omi fífà náà wé e bí ìdì kékeré, á sì tì í síta. Ìdì náà á rì sí ìsàlẹ̀, omi tí ó mọ́ á sì jáde.

Bí a bá bu omi rírú sínú ìgò ńlá méjì, tí a sì fi ọ́yísítà díẹ̀ sínú ọ̀kan, lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ a ó rí ìyàtọ̀. Omi inú ìgò ọ́yísítà á ti mọ́. Èkejì á ṣì rú.

Ní àkókò tí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọ́yísítà kan ṣoṣo tí ó ti dàgbà lè sẹ́ omi tó lítà 190 ní ọjọ́ kan. Bí garawa yín bá ń gba lítà 20, èyí ju garawa mẹ́sàn-án lọ. Wo ohun tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lè ṣe! Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.

Àǹfààní wọn

Bí omi bá mọ́, ìmọ́lẹ̀ oòrùn á dé ìsàlẹ̀, koríko inú omi á sì hù. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ẹja àti akàn máa ń sá pamọ́ sí. Ṣùgbọ́n bí ewéko kéékèèké bá pọ̀ jù, wọn á kú, wọn á sì jẹrà. Jíjẹrà wọn á gba afẹ́fẹ́ inú omi tán, ẹja kò sì ní rí èyí tí yóò mí. Ọ́yísítà tí ó ń jẹ ewéko wọ̀nyí ń gba ẹja là láìmọ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Chesapeake

Ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ọ̀sà ńlá kan wà tí ó ya wọ ilẹ̀ láti inú òkun. Chesapeake ni orúkọ rẹ̀, gígùn rẹ̀ sì lé ní kìlómítà 300. Nígbà àtijọ́, ọ́yísítà pọ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òkìtì wọn fi ń yọ síta bí omi bá fà, tí àwọn ọkọ̀ sì ń yà fún wọn.

Lẹ́yìn ọdún 1865, àwọn apẹja bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin oléyín wọ́ ìsàlẹ̀ omi láti kó ọ́yísítà. Wọ́n kó ẹran, wọ́n sì kó ìkarahun pẹ̀lú. Nítorí náà àwọn ọmọ ọ́yísítà kò rí ibi líle tí wọn yóò lẹ̀ mọ́. Nígbà tí ó tó nǹkan bí ọdún 1950, àìsàn tún bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn tí ó ṣẹ́kù.

Ní ọdún 1988, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Roger Newell ṣírò ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kí ọdún 1870 tó dé, ọ́yísítà lè sẹ́ gbogbo omi Chesapeake láàárín ọjọ́ 3 sí 6. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tí ó kù ní ọdún 1988 yóò lo nǹkan bí ọjọ́ 325 kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ kan náà!

Àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò ká ọwọ́ gbera. Ní Harris Creek, tí ó jẹ́ apá kan ọ̀sà náà, wọ́n da òkúta àti ògbólógbòó ìkarahun sínú omi, wọ́n sì gbin ọmọ ọ́yísítà tí ó lé ní bílíọ̀nù 2. Nígbà tí wọn yóò fi parí rẹ̀ ní ọdún 2015, ibùsùn ọ́yísítà náà ti tó eékà 350. Òfin kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti kó wọn níbẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan

Má ṣe rò pé kò sí ìdọ̀tí tí ọ́yísítà kò lè wẹ̀ nù. Bí a bá da ìgbẹ́ sínú omi, kòkòrò àìsàn á wọ inú ara rẹ̀, kì í sì í kú síbẹ̀. Ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ ní tútù á kó àìsàn náà. Ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1924 sí 1925, ọ́yísítà tí a kó nínú omi ẹlẹ́gbin fa ibà jẹ̀funjẹ̀fun. Nǹkan bí 1,500 ènìyàn ni ó ṣàìsàn, nǹkan bí 150 sì kú. Ohun tí a bá dà sínú omi lè padà wá sínú àwo wa.

Nítorí náà, má ṣe yàgbẹ́ sínú omi, má sì ṣe da ilẹ̀ sí i. Bí asẹ́ ilé bá ya, a lè ra òmíràn ní ọjà. Asẹ́ inú omi kò sí ní ọjà. Ó di ìgbà tí a bá fún un ní àyè kí ó tó lè dàgbà.

Ìbéèrè

1. Kí ni ó mú kí ọ́yísítà jọ asẹ́ ògì?
2. Kí ni mọ́sùlù fi ń so ara rẹ̀ mọ́ òkúta?
3. Kí ni ọ́yísítà ń ṣe nígbà tí omi bá fà?
4. Kí ni ó dé tí kíkó ìkarahun kúrò nínú omi fi pa àwọn ọmọ ọ́yísítà lára?
5. Bí garawa kan bá gba lítà 10, garawa mélòó ni omi tí ọ́yísítà kan lè sẹ́ ní ọjọ́ kan?