Ẹ̀yin onímọ́tò, ẹ fura o! Àkísà tí wọ́n fi ń nu mọ́tò yín ló ń sọ ọ́ di arúgbó

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ẹ́ wo ìjà ọ̀fẹ́, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ì báà jẹ́ n'Íkẹjà, ì báà jẹ́ ní Challenge n'Ìbàdàn. Ẹ ò ní í pẹ́ níbẹ̀ tẹ́ ẹ fi máa gbọ́ ọ. Ọkùnrin kan á dúró ti mọ́tò dúdú ẹ̀, oòrùn á ti là dáadáa, á tẹrí ba, á máa wo bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó ń wá owó tó jábọ́. Lójijì lá figbe ta: "Ta ló ha mọ́tò mi báyìí?" Ọmọ tó fọ̀ ọ́ á ní òun kọ́, á ní bóun ṣe bá a nìyẹn. Ọ̀gá àwọn ọmọ náà á sáré dé, á ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ ká tún un nù." Wọ́n tún fẹ́ẹ́ nù ún o! Àkísà kan náà tó dá ọgbẹ́ sí i lára ni wọ́n tún fẹ́ẹ́ fi wo ọgbẹ́ ọ̀hún sàn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ ni pé ìgbà tí wọ́n bá ti fọ mọ́tò tán, tí wọ́n ń nù ún kó lè gbẹ, ni iṣẹ́ ibi pọ̀ jù. A ò sọ pé fómù tí wọ́n fi ọṣẹ sí kò jẹ̀bi o, òun náà máa ń ha mọ́tò bí ìdọ̀tí bá wà nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí fómù ń ṣiṣẹ́, omi àti ọṣẹ pọ̀ lára mọ́tò, ìyẹn ń jẹ́ kí yanrìn yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Bó bá di àsìkò nínù, ọṣẹ ti lọ, omi ò pọ̀ mọ́, aṣọ tó gbẹ ni wọ́n ń fi agbára wọ́ lórí mọ́tò. Yanrìn tó bá ṣẹ́ kù níbẹ̀, tàbí tó wà lára aṣọ yẹn, kò ríbi sá sí.

Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Àwọn mọ́tò àtijọ́, irú Ìjàpá tí àwọn tíṣà ń gùn nígbà kan, ọ̀dà aláwọ̀ ló wà lókè pátápátá lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bẹ́ ẹ bá fi aṣọ funfun nù ún kíkankíkan, àwọ̀ mọ́tò á ran aṣọ. Láàárín ọdún 1980 sí 1990 ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀dà mìíràn bo ti aláwọ̀ yẹn, èyí tí kò láwọ̀ rárá, tó mọ́ gaara bíi gíláàsì. Òun làwọn tó ń kun mọ́tò ń pè ní clear, òun ló ń dán tẹ́ ẹ ń rí. Ẹ wá wo bó ṣe fẹ́lẹ́ tó. Nǹkan bíi 40 sí 50 micron ni nípọn, bẹ́ẹ̀ 1,000 micron ló wà nínú mìlímítà kan péré. Ewé ìwé kan tẹ́ ẹ fi ń tẹ lẹ́tà ní ọ́fíìsì tó 100 micron. Ìyẹn ni pé gbogbo dídán tẹ́ ẹ tìtorí ẹ̀ sanwó gọbọi, kò nípọn ju ìdajì ewé ìwé kan lọ!

Yanrìn wá le ju ọ̀dà yẹn lọ fíìfíì. Kódà, ó le ju irin tí wọ́n fi ṣe ara mọ́tò. Tiwa nílẹ̀ yìí ló tún burú, nítorí ọyẹ́. Láti oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kẹta ni atẹ́gùn ń gbé eruku wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀ ń bọ̀ láti àgbègbè Bodélé lórílẹ̀-èdè Chad, á sì fò títí dé Èkó. Yanrìn tó kúnná bí ẹ̀lùbọ́ wà nínú eruku ọ̀hún. Ẹ lè má rí i lójú, ṣùgbọ́n bí aṣọ bá gbé e, tí ọwọ́ sì ń yí aṣọ po, ilà tín-tìn-tín lá máa fà kiri. Lábẹ́ òjìji, ẹ ò ní í rí nǹkan kan. Àfi bí oòrùn bá tàn sí i, tàbí tẹ́ ẹ dúró sábẹ́ iná ilé epo lálẹ́, ẹ ó wá rí i bí òwú aláǹtakùn, róbótó róbótó, yí ìtànṣán yẹn ká. Mọ́tò dúdú ló máa ń fi hàn jù. Funfun náà ń ní i, ó kàn ń bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Bẹ́ẹ̀ rèé, mọ́tò lohun tó wọ́n jù tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ní lẹ́yìn ilé, àwọn mìíràn ò tíì ní ilé gan-an. Tòkunbọ̀ téèyàn fi owó àjọ àti owó kọpuréètì rà, ọjọ́ tó bá fẹ́ẹ́ tà á, ara mọ́tò lẹni tó fẹ́ẹ́ rà á á kọ́kọ́ wò kó tó ní kí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ara ẹ̀ bá ti ṣá, ibẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé owó. Ẹni tó bá ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ bó o kó lè tún dán, clear yẹn ni wọ́n ń họ díẹ̀ kúrò. Ẹ ẹ̀ lè ṣe é títí láé, nítorí kò nípọn tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá wo aṣọ tí wọ́n fi ń nù ún. Síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ni, tàbí táwẹ̀lì tó ti le bíi pákó. Wọ́n ti fi nu ríìmù dáńfó ẹnì kan láàárọ̀, ó ti jábọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ti fún un sínú korobá tí omi ẹ̀ ti dúdú, òun náà ló wá kan mọ́tò yín. Ká má parọ́, àwọn ọmọ yẹn nìkan kọ́ lẹ́bi wà lọ́rùn wọn. Iye mọ́tò tí wọ́n bá fọ̀ ni wọ́n ń gbowó lé lórí, ọ̀gá ẹ̀ ò ra aṣọ fún un, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé mọ́tò wá náà ń pariwo pé kó ṣe kíá, ẹ̀ ń lọ sóde. Níbo ló ti fẹ́ẹ́ rí àyè fọ àkísà?

Nítorí náà, ẹ ra aṣọ tiyín, kẹ́ ẹ jù ú sí bùútù. Èyí tó dáa jù ni táwẹ̀lì microfibre, irú èyí táwọn ọmọ ń gbé sáré tẹ̀lé mọ́tò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Fọ́nrán inú ẹ̀ tín-ín-rín ju irun orí lọ dáadáa, ó ń fa omi mu, ó sì ń gbé eruku wọnú dípò kó máa wọ́ ọ kiri. Èyí tó nípọn, tó rí wúruwùru, ni kẹ́ ẹ mú, kì í ṣe èyí tó fẹ́lẹ́ bí áńkáṣíìfù. Ẹ gé ìwé tí wọ́n rán mọ́ ọn létí kúrò, torí òun náà ń ha nǹkan. Awọ chamois táwọn dẹ́rẹ́bà ọlọ́lá ń lò nígbà kan ńkọ́? Awọ àgùntàn ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, epo ẹja ni wọ́n fi ń ṣe é kó lè rọ̀. Ó ń fa omi lóòótọ́, ṣùgbọ́n pẹlẹbẹ ló rí, kò síbi tí yanrìn lè kó wọ̀, bí ẹyọ kan bá há sábẹ́ ẹ̀, ó di dandan kó fa ilà. Táwọn tó ń fi ìwé ìròyìn nu mọ́tò ló tún ń pa wá lẹ́rìn-ín. Ìwé ìròyìn, títí kan èyí tẹ́ ẹ mú dání yìí, kò burú fún gíláàsì. Ẹ ṣáà kà á tán kó tó dọ́hùn-ún, ẹ má sì fi kan ara mọ́tò!

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ gbé mọ́tò sábẹ́ òjìji, ẹ jẹ́ kí bọ́nẹ́ẹ̀tì tutù. Kí wọ́n tó fi aṣọ kàn án rárá, kí wọ́n fi omi tó mọ́ ṣàn án. Bó bá jẹ́ họ́ọ̀sì ni wọ́n ń lò, kí wọ́n yọ ohun tó ń fún omi jáde lẹ́nu ẹ̀, kí omi máa rọra ṣàn bọ̀ láti orí mọ́tò. Ẹ ó rí i tí omi yẹn máa tẹ́ bí aṣọ, tá á máa fa èyí tó ti wà lára mọ́tò tẹ́lẹ̀ lọ, ìwọ̀nba díẹ̀ lá ṣẹ́ kù. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí wọ́n tẹ́ táwẹ̀lì náà pẹlẹbẹ, kí wọ́n di etí ẹ̀ méjèèjì mú, kí wọ́n fà á wá sọ́dọ̀ ara wọn wẹ́rẹ́. Kò sí pé à ń tẹ̀ ẹ́, kò sì sí pé à ń yí i po bí ẹni tó ń ro àmàlà. Orí mọ́tò ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n ṣe gíláàsì, bọ́nẹ́ẹ̀tì àti bùútù, kí wọ́n tó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti bọ́ńpà ló gbẹ̀yìn, ibẹ̀ ni yanrìn ojú títì pọ̀ sí. Táyà àti ríìmù ní aṣọ tiwọn lọ́tọ̀, ẹ má jẹ́ kó pàdé tàkọ́kọ́ láé.

Àwọn kan á ní kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń da ara yín láàmú, ṣebí oòrùn á gbẹ ẹ́. Oòrùn á gbẹ omi lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní í gbé ohun tó wà nínú omi lọ. Omi kànga àti ti bọ́ọ̀hòlù ní èròjà inú ilẹ̀ nínú, irú èyí tó máa ń dì mọ́ ìdí kẹ́tù. Bí ẹ̀kán omi bá gbẹ síbì kan, á fi àmì funfun roboto sílẹ̀. Níbi tí èròjà irin bá pọ̀ nínú omi, tó ń sọ korobá di pupa, àmì náà á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Bó bá ṣì jẹ́ tuntun, ẹ po fínígà funfun àti omi ní ìlàjì sí ìlàjì, ẹ fi aṣọ rírọ̀ tẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ sì fi omi ṣàn án dànù. Èyí tó bá ti pẹ́ nínú oòrùn lè jẹ wọnú ọ̀dà, ẹ̀rọ ló kù tó lè bó o.

Bẹ́ẹ̀ làwọn kan gbà pé káwọn ṣáà gbé mọ́tò sọ́nà, káwọn sáré, kí atẹ́gùn lè gbẹ ẹ́. Eruku ojú títì á kúkú lẹ̀ mọ́ omi yẹn, ibi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ náà lẹ padà sí. Èyí tó tiẹ̀ jọ wá lójú jù ni ti bíréèkì. Omi tó wà lórí dísìkì, tàbí nínú dúróòmù, lè jẹ́ kí bíréèkì má mú bó ṣe yẹ nígbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ti dúróòmù sì máa ń pẹ́ kó tó gbẹ. Torí náà, kẹ́ ẹ tó já sí márosẹ̀, ẹ rọra wà á níbi tí mọ́tò ò ti pọ̀, kẹ́ ẹ tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta mẹ́rin, kó lè gbóná gbẹ. Bẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́ lálẹ́ tẹ́ ẹ gbé e síbì kan mọ́jú, ẹ lè rí i láàárọ̀ pé dísìkì ti pọ́n bí epo. Ẹ má jẹ́ kí mẹkáníìkì kan fìyẹn gbowó lọ́wọ́ yín, ìpẹtà orí ẹ̀ lásán ni, ìgbà díẹ̀ tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì ló máa lọ.

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti bùútù, kẹ́ ẹ nu etí wọn, omi ń fara pamọ́ síbẹ̀, á sì máa ṣàn jáde sára mọ́tò tẹ́ ẹ ti nù tán. Ihò kéékèèké wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn tí omi ń gbà jáde, bí ẹrẹ̀ bá dí i, inú ilẹ̀kùn lá máa dípẹtà láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Kápẹ́ẹ̀tì tó bá tutù, ẹ má dá a padà sínú mọ́tò àfi bó bá gbẹ dénú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, òórùn ẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ lé yín jáde. Bẹ́ ẹ bá délé, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ fọ microfibre yẹn lọ́tọ̀, ẹ má pò ó mọ́ táwẹ̀lì ìwẹ̀, ẹ má sì fi èyí tó ń mú aṣọ rọ̀ sí i, torí kò ní í jẹ́ kó fa omi mọ́. Ẹ sá a sórí okùn níbi tí eruku ò sí. Èyí tó bá sì ti jábọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún táyà.